Ẹrù Ìyàwó Kì í Padà Sẹ́yìn

Ohun tí Àlàájà Tafida kórìíra jù láyé yìí kì í ṣe ènìyàn. Igi ni. Igi tí ẹlòmíràn ti jókòó lé, tí ẹlòmíràn ti sùn lé, tí wọ́n wá kùn ní ọ̀dà tuntun, tí wọ́n ní kí ọmọlúàbí gbé e wọlé. Gbogbo àdúgbò Karmouz ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọkùnrin tó ń ra ẹrù àlòkù bá ń ké “Róbabíkyà! Róbabíkyà!” bọ̀ lójú pópó, bó bá ti ku díẹ̀ kó dé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Tafida, á pa ẹnu mọ́, á sì sáré ti ọmọlanke rẹ̀ kọjá, torí ó mọ̀ pé omi ìfọṣọ ló ń bọ̀ lókè yẹn.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe ń fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Wagdi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó fi ẹkún àti ìkanra tọ́ láti ìgbà tí baba rẹ̀ ti kú, kò rí ọmọ ẹlòmíràn fẹ́ ní gbogbo Alẹkisáńdíríà bí kò ṣe Nawara, ọmọ Bayoumi káfíńtà ní àdúgbò Attarin. Bayoumi yìí kì í sì í ṣe káfíńtà bí àwọn yòókù. Ilé àtijọ́ tí wọ́n bá wó, ọkọ̀ òkun tí wọ́n bá tú palẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń kó igi tirẹ̀ wá. Òun àti ọmọ rẹ̀ á ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára wọn, wọ́n á fi sáńpépà nù wọ́n, wọ́n á tún wọn ṣe, wọ́n á tà wọ́n.

Tafida mọ èyí kó tó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ó rò pé ẹni tó ń ta àlòkù fáráyé kò ní gbé àlòkù fún ọmọ tirẹ̀. Ṣebí ojú ń tini. Baba á lọ sí Damietta, ìlú àwọn káfíńtà, bí gbogbo baba ìyàwó, á ra ohun tuntun tí nǹkan kan ò tíì kàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì, ó bi í léèrè, Bayoumi sì gbọ́wọ́ lé àyà: “Àlàájà, ẹrù ọmọ mi wà lọ́wọ́ mi. Ẹ fọkàn balẹ̀.” Ó sì fọkàn balẹ̀. Ẹ ò rí i pé òun náà ló fà á.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù wá dé. Ìyàwó tí kò ní kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, tí wọ́n ń to àwo sí, àwo tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi jẹun títí ayé, kí ló fi jẹ́ ìyàwó? Tafida bọ́ wúrà ọrùn ara rẹ̀, ó fi ra ọ̀kan, ó gbé e sí àjà kẹta níbi tí Wagdi àti ìyàwó rẹ̀ máa gbé. Nawara wá wò ó. Ó dúpẹ́, ó fẹnu kò ó lọ́wọ́, ó wá ní, “Màmá, ó mà dára o. Ẹ jẹ́ kó wà ní pálọ̀ yín, ibẹ̀ ló ti máa yọ. Tiwa lókè ti kún.”

Tiwa lókè ti kún! Ilé tí kò tíì sí ṣíbí kan nínú rẹ̀! Láti ọjọ́ náà ni Tafida ti ń pe ọmọ náà ní “ọ̀mọ̀ràn” lẹ́yìn, kì í sì í ṣe pé ó ń yìn ín.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá ara wọn dé ọjọ́ Ajé tí wọ́n máa kó ẹrù ìyàwó wá. Ọjọ́bọ̀ ni ìgbéyàwó. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, Tafida wọ aṣọ àrán dúdú rẹ̀, ó bu iyọ̀ sínú abọ́, ó lọ dúró sí bàkónì àjà kìíní, kó lè fi iyọ̀ náà wọ́n ẹrù nítorí ojú burúkú. Inshirah, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń bá a gbé, dúró tì í lẹ́yìn. Àwọn obìnrin ti kún àwọn fèrèsé. Ojú títì ti kún. Wọ́n ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ akẹ́rù náà bó ṣe ń yí àdúgbò ká, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí olówó àti tálákà lè rí ohun tí baba gbé fún ọmọ.

Ọkọ̀ yọ ní kọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin fi ahọ́n ké igbe ayọ̀. Tafida bu iyọ̀ sọ́wọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tó rí ni bẹ́ǹṣì gígùn kan, irú èyí tí wọ́n fi ń dúró de rélùwéè. Ohun kejì ni àga sinimá méjì tó so pọ̀, tí àrán pupa wà lára wọn. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn ńlá kan tí gíláàsì aláràbarà wà lójú rẹ̀. Jígí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan. Tábìlì kan tí wọ́n gbẹ́ etí rẹ̀ sókè yípo. Kò sí ọ̀kan tó bá ìkejì mu. Igbe ayọ̀ àwọn obìnrin gé láàárín.

Ní ilé òdìkejì ni ohùn kan ti wá. Ansaf ni. Òun àti Tafida kò tíì kí ara wọn látìgbà tí wọ́n ti jà lórí omi ìdọ̀tí tó ń ṣàn láti ilé kan lọ sí ìkejì.

“Àlàájà Tafida! Ẹ kú oríire o! Ẹ dákun, ṣé ilé ọmọ yín ni wọ́n fẹ́ tò ni àbí ibùdó rélùwéè? Kí n lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀!”

Títì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn géńdé tó wà lórí ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Inshirah pàápàá fọwọ́ bo ẹnu.

Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́. Tafida gbé abọ́ iyọ̀ sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ti géètì, ó fa ọ̀pá irin sẹ́yìn rẹ̀, ó tún gòkè padà. Ìgbà tó fi máa dé bàkónì, ọkọ̀ ti dúró sábẹ́ rẹ̀. Bayoumi ti sọ̀ kalẹ̀, ó dúró níwájú géètì títì, ó ń wò ó.

“Ọ̀gá Bayoumi, ẹ yí ọkọ̀ yín padà.”

“Àlàájà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹrù ìyàwó la kó wá.”

“Ẹrù òkú ni. Ta ló kú tí ẹ kó ilé rẹ̀ wá bá mi? Ṣé torí pé mi ò lọ́kọ lẹ ṣe fi ilé mi ṣe ààtàn?”

“Àlàájà, ẹ rọra. Gbogbo igi yìí ni mo fọwọ́ ara mi…”

“Ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé e lọ!”

Bayoumi nu ojú rẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kò mọ ìjà. “Àlàájà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹrù ìyàwó kì í padà sẹ́yìn.”

Ó mọ̀. Ta ni kò mọ̀? Ẹrù tó bá ti jáde nílé baba ìyàwó, tó bá fi padà síbẹ̀, ìyàwó náà á tẹ̀ lé e padà lọ́jọ́ kan, tòun tẹkún. Kò sí baba tó máa dá a láṣà. Tafida pàápàá mọ̀ pé ohun tí òun ń sọ lẹ́nu kò dára. Ṣùgbọ́n ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

“Ẹ kó o lọ sínú òkun nígbà náà,” ó ní. “Òkun ò jìnnà.”

Ìgbà yẹn ni Nawara sọ̀ kalẹ̀ níwájú ọkọ̀. Ọmọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó so gèlè sẹ́yìn, ọ̀dà ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Kò wo òkè. Ó wo ojú títì, ó wo ògiri ilé Tafida láti ìbú dé ìbú, bí ìgbà tí ènìyàn ń wo yàrá tó fẹ́ gbé.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ ẹrù kalẹ̀.”

“Níbo?”

“Níbí náà. Wọn ò ní ká má dúró síta.”

Ó kọ́kọ́ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sórí ilẹ̀ títì. Ó ní kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì ti ògiri, ní ìsàlẹ̀ bàkónì gan-an, ó to ìrọ̀rí tó fi aṣọ ìkélé àtijọ́ rán sórí rẹ̀. Ó gbé àga sinimá pupa kọjú sí i, ó fi tábìlì sáàárín. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó tún dìde, ó fa tábìlì díẹ̀ sápá òsì. Ó fi ilẹ̀kùn aláràbarà ti òpó iná, oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba inú gíláàsì náà wọlé, ó da àwọ̀ ewé àti pupa sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó mú jígí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ náà, ó kọ́ ọ sórí ìkọ́ tó wà lára géètì Tafida, ìkọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ àgbò nígbà iléyá.

“Mú un kúrò lára géètì mi!”

“Màmá, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ wá mú un,” Nawara dáhùn. Ohùn rẹ̀ tutù. Ìyẹn ló ń dun Tafida jù, pé ohùn ọmọ náà tutù.

Ará àdúgbò ò kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Ọkùnrin kan tó ń bọ̀ láti mọ́sáláṣí yà wò ó, ó fọwọ́ pa etí tábìlì, ó jókòó sórí àga sinimá, ó ní, “Ọlọ́run ńlá! Mo mọ àga yìí o. Orí irú rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí sinimá.” Obìnrin kan gbé sítóòfù wá. Ẹlòmíràn gbé gíláàsì tíì wá. Kó tó pẹ́, bẹ́ǹṣì ti kún, wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n ń bi Nawara pé báwo ló ṣe mú ọ̀dà kúrò lára èyí, níbo ló ti rí tọ̀hún. Ilé ló dà lójú títì yẹn, ilé tó wuni. Ansaf náà sọdá. Ó jókòó sí ìsàlẹ̀ bàkónì ọ̀tá rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

“Ẹ̀yin ènìyàn, bẹ́ǹṣì yìí mà gba ìdí o! Mo fi ẹnu mi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo tọrọ àforíjì. Ọmọ, fún mi ní ṣúgà sí i.” Ó gbójú sókè. “Àlàájà, ẹ ò ní bá wa mu tíì? Àbí ẹ ń gbààwẹ̀ ni?”

Tafida wọlé lọ, ó gbé omi tí wọ́n fi fọ àwo jáde, ó sì dà á sí ìsàlẹ̀. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì pariwo, wọ́n fò dìde, omi bà lé tábìlì gbàù. Etí tábìlì tó ga sókè gba omi náà dúró, kò jẹ́ kó kán sórí kápẹ́ẹ̀tì. Nawara mú aṣọ ìnujú, ó nù ún kúrò láìkánjú.

“Tábìlì ọkọ̀ òkun ni, Màmá,” ó ní. “Omi ò ṣe é ní nǹkan kan.”

Ẹ̀rín tó bú lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ dé ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀wà fúùlù ní ìkángun títì. Tafida di irin bàkónì mú. Ó wá ohun tó máa fi gún ọmọ náà dé egungun. Ó rí i. Ohun kan ṣì wà lórí ọkọ̀, ó gùn, ó fẹ̀, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta wé e, wọ́n fi okùn dì í pinpin.

“Kí ló kù sórí ọkọ̀ yẹn?” ó kígbe. “Gbogbo pálọ̀ lẹ ti tò síta, kí lẹ fi pa mọ́?”

Ojú Nawara yí padà. “Bẹ́ẹ̀dì ni.”

“Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì ni. Bẹ́ẹ̀dì ta ni?”

“Bẹ́ẹ̀dì mi.”

“Ta ló kú sórí rẹ̀ kó tó di tìẹ?”

Ansaf gbé gíláàsì tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àga yàtọ̀, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì ìyàwó yàtọ̀. Èèwọ̀ ni wọ́n ń sọ yìí. Bayoumi la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ gbọ́wọ́ lé e léjìká, ó dá a dúró. Ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà ni Nawara gbójú sókè, tó wo Tafida lójú.

“Màmá, bẹ́ẹ̀dì ìyàwó kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tú sójú títì. Ẹ ṣí géètì. Ká gbé e gòkè. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa wò ó, tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, màá fọwọ́ ara mi là á.”

Ọ̀nà nìyẹn. Ọmọ náà ṣí ọ̀nà fún un níwájú gbogbo ayé, kò sì béèrè ju kó fa ọ̀pá irin kan. Bí Tafida bá sọ̀ kalẹ̀ nígbà yẹn, mi ò ní ní ìtàn kankan sọ.

Kò sọ̀ kalẹ̀, ohun tó sì dè é mọ́lẹ̀ kì í ṣe ìgbéraga nìkan. Bẹ́ẹ̀dì mìíràn ló ń rí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí Abdelmawla fẹ́ ẹ, opó ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ Zakiyya kú sínú àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Orí bẹ́ẹ̀dì náà ni Zakiyya kú sí. Ìyá ọkọ wò ó, ó ní, “Bẹ́ẹ̀dì gidi ni, kò ṣe nǹkan kan,” ó ní kí ìyàwó tuntun gùn ún. Kòtò wà lápá òsì mátírẹ́sì òwú náà, níbi tí ẹni tó kú dùbúlẹ̀ sí. Bí Tafida bá sùn sápá ọ̀tún, tó bá di àárọ̀, inú kòtò yẹn ló máa ń bá ara rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ á yíjú sí i láàárín oorun, á pè é ní Zakiyya. Inú kòtò ẹlòmíràn ló ti lóyún, inú rẹ̀ ló ti bí Wagdi, inú rẹ̀ ló ti ṣe opó. Ọjọ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀ kú ló gbé bẹ́ẹ̀dì náà gòkè lọ sórí òrùlé tó tẹ́jú, ó là á, ó dáná sun ún, ó ra tuntun. Títí dòní, lórí bẹ́ẹ̀dì tuntun tó tẹ́jú, ó ṣì máa ń jí lápá òsì.

Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Ṣùgbọ́n èèyàn a máa sọ pé ejò bu òun jẹ, kí àwọn tó kù lè mọ ohun tó ń sá fún. Ó dúró lókè, ọ̀rọ̀ náà kún un lọ́fun. Ọmọ mi, mo ti sùn sórí irú rẹ̀ rí. Má ṣe é. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ nìyẹn, mo búra. Ṣùgbọ́n Ansaf wà nísàlẹ̀, ó ń wò ó, ẹ̀pà wà lẹ́nu rẹ̀, ohun tó sì jáde ni:

“Kí n sọ̀ kalẹ̀ wá ṣe kí ni? Òórùn rẹ̀ ti bá mi lókè ńbí.”

Nawara tẹ orí ba. Ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tí ọ̀dà wà lé itan.

Bí Wagdi ṣe ti ibi iṣẹ́ ní èbúté dé nìyẹn, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó rí pálọ̀ rẹ̀ lójú títì. Ó rí ojú ara rẹ̀ nínú jígí lórí géètì ilé ìyá rẹ̀. Ẹnì kan sọ ọ́ fún un létí, kò sì pẹ́ tó fi yé e. Ó lọ dúró sábẹ́ bàkónì.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí géètì.”

“Èmi àbí igi òkú yẹn, Wagdi?”

“Màmá, ọ̀rọ̀ kọ́ nìyẹn. Ṣé ẹ ti rí bẹ́ẹ̀dì náà?”

“Mi ò ní láti rí i.”

“Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ká jọ wò ó. Èmi àtẹ̀yin nìkan. Ẹ kàn wò ó.”

“Ìwọ náà ń bá wọn sọ ọ́! Ta ló fọṣọ fáráyé kó o tó kàwé? Ta ni ò fẹ́ ọkọ míì nítorí ẹ? Lónìí, ọmọ kan tó ń ha ọ̀dà ara igi ni wàá fi dójú tì mí níwájú Ansaf!”

“Màmá, ẹ̀yin lẹ mú Ansaf wọ̀ ọ́. Ẹ ṣí géètì.”

Ó rọ̀ ọ́. Ó rọ̀ ọ́ gan-an, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ó fi orúkọ baba rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ọmọkùnrin kì í fẹ́ kí ọ̀rẹ́ òun gbọ́ bẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ bá a bẹ̀ ẹ́. Inshirah dì í mú láṣọ lẹ́yìn, ó ń sunkún: “Ẹ̀gbọ́n Màmá, ẹ jẹ́ n lọ ṣí i.” Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́ tó ni ọkàn rẹ̀ ń le tó, torí gbogbo ẹ̀bẹ̀ náà, níṣojú Ansaf ni.

“Ọjọ́ tó o bá gbé bẹ́ẹ̀dì yẹn wọ ilé mi,” ó ní, “ọjọ́ náà ni kó o gbé òkú mi jáde.”

Ẹyin lohùn. Ó balẹ̀, ó sì fọ́.

Wagdi yíjú sí Bayoumi, ó ní, “Bàbá, kí la máa ṣe?” Bayoumi wo ọkọ̀, ó wo títì. Padà sí Attarin kò ṣeé ṣe. Oòrùn ti ń wọ̀.

Ansaf dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò láṣọ.

“Yàrá méjì òfìfo wà nísàlẹ̀ ilé mi,” ó ní. “Ẹrù ìyàwó kì í padà sẹ́yìn, mo gbà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kó má yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.”

“Ansaf!” Igbe tí Tafida ké, ọ̀fun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. “Ansaf, Ọlọ́run á san án fún ẹ!”

“Á san án fún mi, Àlàájà. Oore ni mò ń ṣe.”

Gbogbo títì ló bá wọn kó o. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ló gbé bẹ́ǹṣì, ló gbé àga sinimá, ló gbé tábìlì ọkọ̀ òkun. Nawara yọ jígí kúrò lórí ìkọ́, ó fi etí gèlè rẹ̀ nu ojú géètì níbi tó ti kọ́ ọ. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn aláràbarà sọdá. Tafida ò kúrò ní bàkónì. Ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kó ọmọ rẹ̀ wọ ilé ọ̀tá rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Bẹ́ẹ̀dì ló gbẹ̀yìn. Ẹnu ọ̀nà Ansaf ò fẹ̀, bí wọ́n ṣe wé e yẹn kò lè wọlé. Wọ́n gbé e kalẹ̀ lójú títì, wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lórí, wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò gbà. Bayoumi ní kí àwọn obìnrin dúró yí i ká. Wọ́n dúró, wọ́n na ìborùn wọn bí aṣọ ìkélé kí ará títì má bàa rí i. Ṣùgbọ́n bàkónì wà lókè, kò sí ẹni tó rántí ta ìborùn sí apá ibẹ̀. Wagdi tú okùn. Ó ká bùláńkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ kúrò, ó ká ìkejì, ó ká ìkẹta.

Igi funfun ni. Igi tuntun, tí wọn kò tíì fi ọ̀dà kàn. Àmì pẹ́ńsù káfíńtà ṣì wà níbi tí igi ti pàdé igi, èérún igi tí rándà káfíńtà fá ṣì há sí àwọn igun rẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbé e nàró, èérún náà já bọ́ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ òkun gbé wọn ká títì. Mátírẹ́sì tó bá a wá tẹ́jú, ó le, kò sí ìdí kankan tó tíì kàn án. Òórùn igi tútù bá Tafida lókè. Lóòótọ́ lòórùn rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

“Ha! Tuntun ni?” Ansaf ló pariwo. “Ọ̀gá Bayoumi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò ra igi tuntun rí?”

“Mo rà á,” Bayoumi dáhùn. Kò gbójú sókè, kì í ṣe Tafida ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń fọwọ́ nu èérún kúrò lára igi. “Gbogbo ilé lè jẹ́ àlòkù, kò burú. Bẹ́ẹ̀dì kọ́. Ta ló máa gbé ọmọ rẹ̀ sùn sínú kòtò ẹlòmíràn?”

Tafida yí kúrò ní bàkónì. Inshirah gbá a mú. Ó já ara rẹ̀ gbà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń fọwọ́ tọ́ ògiri. Ó fa ọ̀pá irin, ó le, ó fà á títí ó fi yọ. Ó ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu, apá méjèèjì.

Ojú títì ti ṣófo. Wọ́n ti wọlé lọ. Ilẹ̀kùn aláràbarà ti dúró sí ẹnu ọ̀nà Ansaf, wọ́n ti tan iná sẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kan ìṣó, ó ń gbọ́ ẹ̀rín Ansaf. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Kò ju títì lọ tó wà láàárín wọn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síta. Ó fẹ́ pe Nawara. Ó fẹ́ sọ pé, ọmọ mi, wá, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìrọ̀rí kan tí wọ́n gbàgbé sílẹ̀ níwájú géètì.

“Ẹ wá kó pàǹtírí yín kúrò níwájú ilé mi!” ni ẹnu rẹ̀ sọ.

Ìṣó dákẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí. Wagdi ló jáde, èérún igi wà nínú irun rẹ̀. Ó sọdá, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìrọ̀rí náà, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀. Ó rí i pé géètì wà ní ṣíṣí. Ó wo inú ilé dé ibi àtẹ̀gùn, ó wo ìyá rẹ̀ tó dúró níbẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì di ọ̀pá irin mú.

“Ẹ má bínú, Àlàájà,” ó ní.

Àlàájà. Bí Bayoumi ṣe ń pè é. Bí Ansaf ṣe ń pè é, bí ẹlẹ́wà fúùlù ní ìkángun títì ṣe ń pè é. Ó ti yíjú padà kí Tafida tó rí èémí mí. Ó sọdá, ó wọlé, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.